Orin Àtijọ́ àbí Orin Tuntun? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìjọ Kátólíìkì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Kò sí ìjọ tí ìbéèrè yìí kì í dé bá, yálà abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti ń sìn tàbí inú ilé alájà mẹ́ta: orin wo ni a ó kọ ní ọjọ́ Àìkú? Àwọn àgbà fẹ́ orin inú ìwé tí àwọn òbí wọn fi sin Ọlọ́run. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ orin tí a lè pàtẹ́wọ́ sí, tí a sì lè jó sí. Olórí akọrin wà láàárín méjèèjì, ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn sì ni ẹjọ́ náà máa ń parí sí.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú ìjọ Kátólíìkì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ìjọ Àgùdà, ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan àwa oní-Pẹ́ńtíkọ́sì nínú orin Àgùdà. Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, àwọn ọmọ ìjọ wa ń bá wọn ṣe àna, a sì ń bá wọn pàdé níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ó yẹ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó jókòó níbẹ̀ mọ ìdí tí Fádà fi gba orin kan tí kò sì gba òmíràn. Èkejì, púpọ̀ nínú orin kúkúrú tí a ń kọ nínú ìsọjí tiwa ti wọ inú ìjọ wọn, ó sì di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí bí a ṣe ń yan orin. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ tiwa, ohun tó bá dùn mọ́ olórí akọrin ní òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìlànà.

Ibi tí orin wọn ti ṣẹ̀ wá

Kí àlùfáà Kátólíìkì kankan tó fi Èkó ṣe ibùgbé, àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Brazil dé ti mú ẹ̀sìn náà bọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pádírè Antonio, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Kì í ṣe àlùfáà, kò sì lè ṣe Mísà, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí iná náà kú. Ní ọdún 1863, Francesco Borghero wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó jẹ́ àlùfáà nínú ẹgbẹ́ SMA tí Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní ọdún 1856. Ní ọdún 1868 ni àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Èkó. Ní ọdún 1950, Èkó di ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà títí di òní. Ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà yìí kan náà ló ni Yunifásítì Augustine ní Ìlárá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, èyí tó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2015.

Ní gbogbo àsìkò tí a mẹ́nu bà wọ̀nyí títí di ọdún 1965, èdè Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Mísà. Níhìn-ín ni ọ̀nà wọn ti yà kúrò lára ti àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Mísọ̀n. Àwọn CMS ti ń túmọ̀ orin sí Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, odindi Bíbélì Yorùbá tí Ajàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884. Àwọn Àgùdà náà ní orin Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mísà gan-an, Látìnì ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Ìgbìmọ̀ Fatíkàánì Kejì gbé ìwé jáde lórí ìjọsìn. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1965, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì, ni èdè ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀pọ̀ apá Mísà káàkiri ayé.

Ẹ má sì rò pé ìtàn yìí jìnnà sí tiwa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1925, ìwọ́de Ara Olúwa tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ní Èkó ni ọmọdébìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wò kó tó rí ìran tó mú kí wọ́n ránṣẹ́ sí Mósè Orímọládé. Ibẹ̀ ni Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú Kérúbù àti Séráfù ni Josiah Akíndayọ̀mí ti jáde, kó tó dá ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní ọdún 1952. Omi odò méjèèjì ti pàdé ara wọn tipẹ́.

Orin mẹ́rin ni, kì í ṣe méjì

Nígbà tí a bá sọ pé "orin àtijọ́" àti "orin tuntun", ó máa ń dà bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Nínú ìjọ Kátólíìkì Yorùbá, oríṣi mẹ́rin ló wà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó dá ẹjọ́ kankan.

Àkọ́kọ́ ni orin Gregory, orin Látìnì tí a fi ohùn kan ṣoṣo kọ, tí kò ní ìlù, tí kò sì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bíi ti orin ìjó. Ìkejì ni orin ilẹ̀ Yúróòpù tí a túmọ̀ sí Yorùbá, tí a fi dùùrù gbè, tí a sì ń kọ ní ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìkẹta ni orin ìbílẹ̀, èyí tí ọmọ Yorùbá ṣe ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, tí gángan, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bá lọ. Ìkẹrin ni orin kúkúrú ti ìyìn àti ìsìn. Ẹgbẹ́ Karismátíìkì ló mú èyí wọlé jù lọ. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Duquesne ní ìlú Pittsburgh, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1967, ó sì dé Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1970.

Orin ìbílẹ̀ yìí ní àwọn bàbá tirẹ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta lọ kọ ọ̀pọ̀ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London. Ní ọdún 1949, Àlùfáà A. T. Ọlá Olúdé ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe orin kan tó ti wọ inú ìwé orin àwọn ìjọ ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn Kátólíìkì, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ìtàn Ìhìnrere. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí í ṣe Mùsùlùmí, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni èyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: ǹjẹ́ ohun tó ti ọwọ́ wa jáde lè wọ inú ilé Ọlọ́run?

Nísinsìnyí, ẹ kíyè sí i. Orin Yúróòpù tí a túmọ̀ ti pẹ́ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n àjèjì ni ohùn rẹ̀. Orin ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwé orin ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó dé. Èwo wá ni "àtijọ́" nínú méjèèjì? Nígbà tí bàbá kan ní Ìkòròdú bá sọ pé kí a padà sí orin àwọn bàbá wa, ó yẹ kí a fi sùúrù bi í pé: bàbá wo? Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ Látìnì tó kọ́ nígbà tó ń ran àlùfáà lọ́wọ́ ní ọmọdé. Ó lè jẹ́ orin tí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀. Àríyànjiyàn tí a kò bá kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè yìí kì í parí.

Ohun tí ìlànà wọn sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ìgbìmọ̀ Fatíkàánì Kejì ti gbé orin àtijọ́ jù sígbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ọdún 1963 náà, ní ìpín 116, fi orin Gregory sí ipò àkọ́kọ́ bí gbogbo nǹkan bá dọ́gba. Ìpín 118 ní kí a mú kí àwọn ènìyàn fúnra wọn máa kọrin. Ìpín 119 ní kí a fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ní àwọn ilẹ̀ tí ìhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àyè tó yẹ ẹ́. Ìpín 120 bọlá fún dùùrù, ó sì fi àyè gba ohun èlò mìíràn tó bá yẹ fún ìjọsìn tàbí tí a lè sọ di yíyẹ. Ìpín 121 ní kí ọ̀rọ̀ orin bá ẹ̀kọ́ ìjọ mu, kí a sì fa á yọ ní pàtàkì láti inú Ìwé Mímọ́. Ìwé kan náà ni ó gbé gbogbo wọn ró. Ẹni tó bá fa ìpín kan yọ tó fi lu ẹnìkejì rẹ̀ kò tíì ka ìyókù.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìlànà wọn ni èyí: kí wọ́n tó béèrè bóyá orin kan jẹ́ ti àtijọ́ tàbí tuntun, wọ́n ń béèrè apá ibo nínú ìjọsìn ló wà fún. Àwọn orin kan wà nínú Mísà tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é pààrọ̀. Ìlànà Gbogbogbòò tó wà níwájú Ìwé Mísà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò orin Ògo. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gba orin mìíràn dípò Sáàmù tí a ń dáhùn sí láàárín ìwé kíkà, tàbí dípò orin Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ni a kò lè pààrọ̀. Ohùn rẹ̀ ṣe é yàn. A lè kọ orin Ògo ní ohùn Gregory, a sì lè kọ ọ́ ní ohùn Yorùbá pẹ̀lú gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè mú orin ìyìn kúkúrú kan tó ní "ògo" nínú kí a fi í síbẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Ibòmíràn, ìyẹn ìgbà ìwọlé, ìgbà ọrẹ, ìgbà tí a ń gba Ara Olúwa àti ìgbà tí a bá ń túká, ní àyè púpọ̀ fún yíyàn. Ibẹ̀ ni ìjà orin ti máa ń ṣẹlẹ̀. Àsìkò ọdún náà tún wà. Nínú Lẹ́ńtì, kìkì láti gbe orin lẹ́sẹ̀ ni a ń lo dùùrù àti ohun èlò yòókù, àyàfi ní àwọn ọjọ́ tí ìlànà yọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ síbi ìsìn wọn nínú oṣù Kẹta, tí ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, ẹ má ṣe sọ pé Ẹ̀mí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń gbààwẹ̀ pẹ̀lú etí wọn ni.

Ìwé mìíràn tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1967 fi kún un pé ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ fi orin ṣe ni ìdáhùn tó wà láàárín àlùfáà àti ìjọ. Orin tí ẹgbẹ́ akọrin nìkan ń kọ kọ́ ni orí iṣẹ́ náà. Bí ìjọ bá dákẹ́, tí akọrin sì ń fi ohùn mẹ́rin dárà, a ti fi ìrù ṣe orí.

Nígbà tí ohùn orin bá yí ọ̀rọ̀ padà

Ìṣòro kan wà tí kò sí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jẹ́ tiwa pátápátá. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: dò, re, mi. Bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ ti yí. "Ọ̀run" jẹ́ dò-re. Ó ń gòkè. "Ọrùn" jẹ́ re-dò. Ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí ohùn orin bá sọ̀kalẹ̀ níbi tí a ti fẹ́ pe ibùgbé Ọlọ́run, ọrùn ènìyàn ni a kọrin sí. "Ẹ̀jẹ̀" jẹ́ dò-dò. "Ẹ̀jẹ́" jẹ́ dò-mi. Nígbà tí ìjọ bá ń gba Ara Olúwa, tí orin wọn ń sọ ti ẹ̀jẹ̀ Jésù, tí ohùn orin náà sì gòkè ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn jẹ́ ni etí gbọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni ìyẹn: ọ̀kan ni ohun tí Olúwa ṣe fún wa, èkejì ni ohun tí àwa ṣèlérí láti ṣe.

Orin tí a túmọ̀ kò lè bọ́ nínú èyí, ìdí rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Ohùn orin kan ṣoṣo ni a ń lò fún gbogbo ẹsẹ. Ká tilẹ̀ ní ohùn náà bá ẹsẹ kìíní mu, ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ kejì yàtọ̀, ohùn àwọn ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, kò sì lè bá a mu mọ́. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó fi dùùrù sìn ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú orin Yorùbá. Ọmọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Àgùdà, ó sì kan àwa náà.

A kò sọ pé kí a kó orin wọ̀nyí dànù. Àwọn àgbà ti mọ ìtumọ̀ wọn láti inú ìwé àti láti inú ọdún tó ti kọjá lórí wọn. Etí wọn ti ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò rí i gbà ni ọmọdé tí kò tíì lè kàwé, àlejò tó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, àti ìyá tí kò lọ sí ilé-ìwé rí. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a rò mọ́ ọn nígbà tí a bá ń yàn.

Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Nínú gbogbo orin tó ti òkè òkun wá, orin Gregory, tó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wa jù, ló sún mọ́ ọ̀nà tiwa jù. Nítorí pé kò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó le, ó lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tẹ̀lé e nínú oríkì àti ìjálá. Bí ẹni tó ń kọ Sáàmù kò bá dúró lórí ohùn kan ṣoṣo, tó jẹ́ kí ohùn náà gòkè níbi mi, kó sì sọ̀kalẹ̀ níbi dò, tí ìjọ sì ń dáhùn pẹ̀lú ègbè kúkúrú, a ti ní ohun tó jẹ́ ti ìjọ àtijọ́, tó tún jẹ́ Yorùbá. Lílé àti gbígbè kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́.

Ìlù ta ni?

Ní Ìkòròdú, kò sí ẹni tí kò mọ ọdún Orò. Ní Ẹ̀pẹ́, ọdún Káyọ̀káyọ̀ ni wọ́n fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé ibẹ̀ ní ọdún 1851, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú ìlú náà. Ẹni tó bá dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ìlù yàtọ̀ sí ìlù. Àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ kò fẹ́ ìlù nínú ilé Ọlọ́run, kì í sì í ṣe wọ́n nìkan: ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti inú òrìṣà jáde ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Ìlù kì í ṣe ọ̀kan náà. Bàtá bá Ṣàngó àti egúngún tan. Ìgbìn bá Ọbàtálá tan. Dùndún ni ìlù àríyá gbogbo ènìyàn, òun ni ó sì kọ́kọ́ rọrùn láti mú wọ ìjọ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran òrìṣà, nínú orí 8 ìwé kìíní, wúlò níhìn-ín: ìmọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí-ọkàn arákùnrin tó jẹ́ aláìlera náà wà, ìfẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ pinnu. Bí bàbá kan tó ti jẹ́ awo rí bá ń gbọ̀n nígbà tó bá gbọ́ ìlù kan, ìlù yẹn lè dúró.

Ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú gángan kò dúró síbẹ̀. Gángan ń sọ̀rọ̀. Nígbà ọrẹ, onílù lè máa ki olówó kan tó ń bọ̀ níwájú. Akọrin ń yin Ọlọ́run, ìlù ń yin Olóyè, àwọn tó sì gbọ́ èdè ìlù ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Orin méjì ló ń lọ nínú ìjọsìn kan ṣoṣo, òjíṣẹ́ kò sì gbọ́ ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ orin wò, tí kò yẹ ọ̀rọ̀ ìlù wò, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìbéèrè mẹ́ta, àti ẹ̀kẹrin

Ní ọdún 1972, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ tí a lè fi wọn orin: Ṣé orin náà dára ní iṣẹ́ orin? Ṣé ó bá apá ìjọsìn tí a fẹ́ lò ó fún mu? Ṣé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ní ibí yìí, lónìí, lè fi gbàdúrà? Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn tún tẹnu mọ́ ẹ̀kẹrin: ṣé òtítọ́ ni ohun tó sọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ìjọ kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ yan orin ìwọlé fún ọjọ́ Àìkú kejì nínú Lẹ́ńtì. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlárá wà níbẹ̀, àwọn àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ ní ìhà Lẹ́kkí náà wà níbẹ̀. Orin mẹ́ta wà lórí tábìlì. Èkíní jẹ́ orin ìrònúpìwàdà tí a túmọ̀, ẹsẹ márùn-ún. Èkejì jẹ́ orin ayọ̀ kúkúrú tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ègbè Yorùbá tí a fà yọ láti inú Sáàmù 51, tí ẹnìkan ń lé, tí ìjọ ń gbè.

Orin èkejì dùn, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì lé e sẹ́yìn: kò bá àsìkò mu. Kò burú, ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Àjíǹde. Orin èkíní bá àsìkò mu, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwọn tí kò lè kàwé yóò dákẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ kìíní. Ẹ̀kẹta gba ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Nítorí náà, a lè fi ẹ̀kẹta wọlé, kí a sì gbé èkíní sí ìgbà ọrẹ, kí àwọn àgbà lè fi gbàdúrà nígbà tí ìjọ jókòó. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò tíì lo ọ̀rọ̀ náà "àtijọ́" tàbí "tuntun" rárá, síbẹ̀ a ti yan orin. Ẹnikẹ́ni kò borí, ẹnikẹ́ni kò sì pàdánù.

Ìdúnnú orin fúnra rẹ̀ kò tó láti fi yàn. Augustine, nínú ìwé kẹwàá *Àwọn Ìjẹ́wọ́* rẹ̀, bá ara rẹ̀ wí nítorí pé nígbà mìíràn ohùn ń dùn mọ́ ọn ju ọ̀rọ̀ lọ. Síbẹ̀ ó rántí omijé tó sun nígbà tó gbọ́ orin ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó sì fara mọ́ ọn pé kí orin dúró nínú ìjọ. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yẹn ni a ń wá.

Ohun tó kàn wá

A kò gba gbogbo ohun tí wọ́n gbà. Wọ́n ní orin tí wọ́n ń kọ sí Màríà. Ní tiwọn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gbàdúrà ni, ìsìn tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan kọ́ ni wọ́n ń fún un. Àwa gbà pé Jésù nìkan ni alárinà, a kì í sì í kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Níbi ìsìnkú àna ẹni ní Ìkòròdú, ó tó kí òjíṣẹ́ wa dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì dákẹ́. Kò sí ìdí láti jáde, kò sì sí ìdí láti fi ẹnu kọ ohun tí ọkàn kò gbà.

Ṣùgbọ́n nínú Kólósè 3:16, Pọ́ọ̀lù fi kíkọ́ni àti kíkọrin sínú gbólóhùn kan náà. Orin jẹ́ ẹ̀kọ́. Olórí akọrin yín ń kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ohun tó sì fi kọ́ wọn ni wọn ó rántí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbàgbé ìwàásù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dámọ̀ràn ohun márùn-ún.

Èkíní, ẹ kọ orúkọ gbogbo orin tí ìjọ yín kọ láàárín oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Mélòó ló sọ ti àgbélébùú? Mélòó ló sọ ti àjíǹde òkú, ti ìrònúpìwàdà, ti ìpadàbọ̀ Olúwa? Mélòó ló jẹ́ ti ọ̀tá tó yẹ kó ṣubú? Ìjọ tó bá ń kọrin nípa ọ̀tá nìkan yóò mọ ọ̀tá rẹ̀ ju Olúwa rẹ̀ lọ.

Èkejì, ẹ yan apá kan nínú ìsìn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní máa yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà Oúnjẹ Olúwa. Ohun tí a kọ léraléra fún ọdún mẹ́wàá ni ó ń di egungun ìgbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó gba orin tuntun kan, ẹ pe ìyá kan tí kò lè kàwé, ẹ kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó gbọ́. Bó bá sọ "ẹ̀jẹ́" níbi tí ẹ kọ "ẹ̀jẹ̀", ẹ tún ohùn náà ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn onílù. Ẹ béèrè ohun tí gángan ń sọ nígbà ọrẹ.

Ìkarùn-ún, ẹ má ṣe fi orin ya ìran sí ìran. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣàlàyé orin àtijọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, kó sọ ibi tí orin náà ti gbé e ró rí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan kọ́ àwọn àgbà ní ègbè tuntun, pẹ̀lú sùúrù. Nínú Mátíù 13:52, Olúwa wa fi akọ̀wé tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba ọ̀run wé baálé ilé tó ń mú ohun titun àti ohun àtijọ́ jáde láti inú ìṣúra kan náà. Kò ní baálé ilé méjì, kò sì ní ìṣúra méjì.

Gbogbo ẹni tó bá ti bẹ àwọn arúgbó wò lórí ibùsùn àìsàn mọ èyí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá àgbà inú ìjọ yín yóò ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwàásù wa kò ní sí lórí rẹ̀ mọ́. Orin ni yóò kù lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí i dájú pé orin tó kù náà lè gbé e dé èbúté.